Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nró nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìfọ̀ tí ó doríkọ Abẹ́òkúta, tí ó sì ré Pápáláńtò kọjá, kò ní í pẹ́ kan agbègbè Ìtòrí, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ kan sílẹ̀ sí, tí wọ́n sì fi orúkọ D. S. Adégbẹ́nró pè é. Àwọn ọmọ wa láti Ìfọ̀, láti Mówe, láti Ìbàfò àti láti Àrẹ́pò níhìn-ín a máa kọ orúkọ náà sójú ìwé bí wọ́n bá ń wá àyè ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, orúkọ lásán ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ́ orúkọ yìí kì í ṣe ènìyàn lásán. Òun ni ọmọ Ẹ̀gbá kan ṣoṣo tí a búra fún gẹ́gẹ́ bí Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ilé ẹjọ́ tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀ nígbà náà sì dá láre pé ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ bófin mu, tí kò sì fi ọjọ́ kan jókòó ṣàkóso ní ìrọwọ́rọsẹ̀.

Ní 1909 ni a bí i sí Àgọ́ Òwu ní Abẹ́òkúta, láàrin àwọn ọmọ Asunkúngbadé, àwọn tí ogun tú kúrò ní ìlú wọn àtijọ́ ṣùgbọ́n tí ogun kò lè tú kúrò nínú ara wọn, tí wọ́n wá bá àwọn ọmọ Lísàbí tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1834. Mùsùlùmí òdodo ni, ó sì di Balógun Òwu nígbà tí ó yá. Àwọn tí wọ́n bá a ṣe ìṣèlú kò mọ̀ ọ́n sí asọ̀rọ̀-bí-ẹni-ń-kọrin bí Akíntọ́lá, tàbí aláròjinlẹ̀ tí ń fi ìwé ba ọ̀tá lẹ́rù bí Awólọ́wọ̀. Àgbà tí í jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, tí kì í sì í yẹ̀ bí ó bá ti sọ ọ́. Lójú tèmi, irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí wọ́n wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ilé dàrú.

Ní ìlú Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1951, ni a ti ṣí aṣọ lójú Action Group, ẹgbẹ́ tí àwọn ará ilé wa mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ọdún náà gan-an ni Adégbẹ́nró sì bá wọn lọ, tí ó sì wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ìbò ọdún náà kò dà bí èyí tí à ń dì lónìí. Kì í ṣe pé olúkúlùkù lọ fi ìka tẹ ìwé. Àwọn tí ń san owó orí ní àdúgbò àti ní abúlé ni ó kọ́kọ́ yan àwọn aṣojú, àwọn aṣojú yìí tún yan àwọn aṣojú mìíràn láàrin ara wọn, àwọn tí ó kẹ́yìn ni ó sì jókòó yan ẹni tí yóò lọ sí Ìbàdàn. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé ní láti jẹ́ ẹni tí a mọ̀ nílé àti lóko, tí àwọn olóyè, àwọn oníṣòwò àti àwọn ìmáàmù lè jẹ́rìí sí. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ṣì ń gbóná nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí àwọn obìnrin, tí Arábìnrin Funmilayo Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, dìde sí ọ̀rọ̀ owó orí, tí Aláké Ladapo Ademola fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949, tí ó sì padà bọ̀ ní oṣù Kejìlá 1950. Ẹni tí ó bá rìn láàrin ìhà méjèèjì ní àkókò náà tí kò tẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mọ ìrìn ẹsẹ̀ í rìn.

Oṣù Kìíní 1952 ni Ilé náà bẹ̀rẹ̀ ìjókòó, ọgọ́rin ni iye àwọn tí a dìbò yàn sínú rẹ̀, Awólọ́wọ̀ sì di olórí iṣẹ́ ìjọba. Nínú ìjọba tí ó mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, Adégbẹ́nró di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà ó di mínísítà ìjọba ìbílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo ipò méjèèjì. Ìkẹjà, Mushin, Agége, Badagry àti Ìkòròdú wà lábẹ́ Ìbàdàn nígbà náà, kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo ilẹ̀ tí ìlú Èkó ń fojú sí láti gbòòrò dé, títí dé oko àwọn ará Ẹ̀gbá tí à ń pè ní Àrẹ́pò àti Ìbàfò lónìí, ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni. Mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀wẹ̀ ni ó ń bá àwọn ìgbìmọ̀ ìlú àti àwọn ọba wí, òun ni ó mọ abúlé tí inú ń bí, òun ni ó sì mọ ìlú tí ó ti ń kùn sí owó orí. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ó ti mọ àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí aṣòfin tí kì í wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kò fi ìgbà gbogbo wọlé wẹ́rẹ́. Nínú ìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, NCNC, Ẹgbẹ́ Alákùkọ, na án mọ́ inú ilé rẹ̀, Alákùkọ gba àyè 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ọlọ́pẹ gba 18. Ó ta wọ́n jí. Nígbà tí ìbò ti agbègbè dé ní oṣù Karùn-ún 1956, Ọlọ́pẹ gba 48, Alákùkọ gba 32, Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn sì jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí alátakò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1960, oṣù méjì ṣáájú òmìnira, Ilé náà ti di ti ènìyàn 124: Ọlọ́pẹ gba 79, Alákùkọ gba 33, ẹgbẹ́ Màbọlájẹ́ tí Adélabú fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn gba 10, àwọn méjì yòókù sì dá dúró. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi iye yìí, 124, sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀ yóò dúró sí.

Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Ní ìparí 1959 Awólọ́wọ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sí Èkó láti du ipò olórí ìjọba àpapọ̀, kò rí i gbà, ó sì di olórí alátakò níbẹ̀. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni ó gba ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ olórí ẹgbẹ́, èkejì jẹ́ olórí ìjọba. Ọ̀kan ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa bá àwọn ará Àríwá jà, èkejì ń fẹ́ kí a bá wọn jẹun papọ̀. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jos, ní oṣù Kejì 1962, ìjà náà fara hàn ní gbangba. Ní oṣù Karùn-ún àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ pé jọ, wọ́n dìbò, 81 sí 29, pé kí Akíntọ́lá fi ipò sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ó ní kí Gómìnà tú Ilé Aṣòfin ká kí a lọ dìbò tuntun.

Ọba Adesọji Aderẹmi, Ọ̀ọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, ni Gómìnà. Àwọn aṣòfin gbé ìwé kan tọ̀ ọ́ lọ, àwọn 66 ni ó fọwọ́ sí i, wọ́n ní àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ìdajì 124 jẹ́ 62, ẹni tí ó bá ní 63 ni ó ní ọ̀pọ̀ jù lọ. 66 kọjá bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì wí pé Gómìnà kò gbọ́dọ̀ yọ Olórí Ìjọba àfi bí ó bá hàn sí i pé ẹni náà kò ní àtìlẹ́yìn ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ Ilé mọ́. Ó hàn sí Aderẹmi. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1962 ó yọ Akíntọ́lá, ó sì pe Adégbẹ́nró, ó búra fún un.

Àwọn kan sọ nígbà náà, àwọn kan ṣì ń sọ títí di òní, pé ọmọ ẹgbẹ́ ni Gómìnà, pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni ó jẹ́, àti pé bí a bá ń fi ìwé tí a fọwọ́ sí ní kọ̀rọ̀ yọ olórí, kò sí olórí tí oorun yóò kùn. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìwé kì í jiyàn, a kò lè bi í ní ìbéèrè, ẹni tí ó fọwọ́ sí i lánàá sì lè sẹ́ ẹ lónìí. Ṣùgbọ́n kí a gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Adégbẹ́nró fúnra rẹ̀ lọ bá Ilé pé kí wọ́n jẹ́rìí sí òun lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ Ẹtì. Ọmọba Adélékè Adédoyin, ọmọ Ṣàgámù, ni ó wà lórí àga Olórí Ilé. Olóyè J. A. O. Odébíyì dìde láti gbé àbá kalẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí ọ̀gbẹ́ni E. O. Oke, aṣòfin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, fi fò sórí tábìlì tí ó ń ké pé iná wà lórí òkè, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju àga. Ọ̀gbẹ́ni Ebubedike, aṣòfin láti ìhà Badagry, gbá ọ̀pá àṣẹ mú, ó fẹ́ fi í lu Olórí Ilé, ó tàsé, ọ̀pá àṣẹ sì kán lójú tábìlì. Àga ń fò, ènìyàn ń ṣubú, orí ń bẹ́. Ọlọ́pàá da tajútajú sínú gbọ̀ngàn, gbogbo aṣòfin tú jáde tomijé-tomijé. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ wọ́n tún gbìyànjú láti jókòó, ariwo àti ìjà tún bẹ́, ọlọ́pàá tún da tajútajú, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn Ilé pa.

Ní ọjọ́ náà, àwọn aṣòfin tí ó fẹ́ jẹ́rìí fún Adégbẹ́nró ni ó jókòó jẹ́ẹ́; àwọn tí ó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, àti Ẹgbẹ́ Alákùkọ tí ó ti wọnú ọ̀rọ̀ náà, ni wọ́n da Ilé rú. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro rí. Bí a bá jẹ́ kí a kà wọ́n, iye tí ó wà nínú ìwé ni yóò tún wà lórí ìjókòó, gbogbo ẹnu tí ń wí pé a fi ìwé yọni ní kọ̀rọ̀ yóò sì pa mọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ní ènìyàn kì í fi àga ja ìjà kíka orí. Ibí yìí ni mo dúró sí nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti gbọ́ àwíjàre ìhà kejì kí n tó dúró síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 29, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, lábẹ́ Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, kéde ìjọba pàjáwìrì sórí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Gómìnà, mínísítà àti aṣòfin, gbogbo wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ìlera, ni a rán wá láti dá nìkan ṣàkóso. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni Adégbẹ́nró lò ṣáájú èyí, gbogbo ọjọ́ náà sì ni ó fi ń jagun ilé ẹjọ́ àti ti Ilé Aṣòfin.

Akíntọ́lá ti pe ẹjọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n sì gbé ìbéèrè náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Èkó: ṣé Gómìnà lè yọ Olórí Ìjọba láìjẹ́ pé Ilé dìbò? Ní oṣù Keje 1962 ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ ní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Brett nìkan ni kò bá wọn lọ. Adájọ́ Àgbà Adetokunbọ Ademọla, ọmọ Aláké, ni ó jókòó ṣe olórí ìgbẹ́jọ́ náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: Ẹ̀gbá ni ẹni tí a búra fún, Ẹ̀gbá ni ẹni tí a rán wá láti gba ìjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn, Ẹ̀gbá ni ẹni tí ó jókòó lórí ẹjọ́ náà. Àwọn tí wọ́n máa ń sọ pé ìran ni ó ń pín wa níyà nínú ìṣèlú, kí wọ́n jọ̀wọ́ ka orí ìtàn yìí dáadáa.

Adégbẹ́nró gbé ẹjọ́ kọjá òkun. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, Ìgbìmọ̀ Privy ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1963 ni Viscount Radcliffe ka ìdájọ́ wọn: òfin kò sọ pé dandan ni kí Ilé dìbò kí Gómìnà tó mọ ibi tí àtìlẹ́yìn wà, ohun tí ó hàn sí i láti inú ẹ̀rí tí ó dájú ti tó, ìyọnípò Akíntọ́lá sì bófin mu. Adégbẹ́nró jàre. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ilé, ilé ti ṣe tirẹ̀. Ìjọba pàjáwìrì ti parí ní òpin 1962, wọ́n sì ti dá Akíntọ́lá padà sórí àga ní oṣù Kìíní 1963 láìdìbò, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀ tí ó so mọ́ Alákùkọ. Aderẹmi kò sí ní ipò Gómìnà mọ́, Olóyè Ọ̀dẹ́lẹ́yẹ Fadahunsi ti wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìdájọ́ jáde gan-an, Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn jókòó, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ kọ pé láìdìbò nínú Ilé a kò lè yọ Olórí Ìjọba, wọ́n sì mú kí àtúnṣe náà padà sẹ́yìn dé ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1960, bí ẹni pé òfin tí Radcliffe túmọ̀ kò fi ìgbà kan wà rí. Ilé aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹwàá 1963 Nàìjíríà di olómìnira pátápátá, ẹjọ́ kò sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Kò sí ìgbà tí mo ka ìtàn yìí tí inú mi kì í bàjẹ́: a kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi, a sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú òfin tí a kọ lẹ́yìn tí ó ti jàre.

Ìbéèrè náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ tí à ń lò lónìí ní kí ìwé ẹ̀sùn tí kò dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ṣíwájú, kí ìgbìmọ̀ ènìyàn méje wádìí rẹ̀, kí Ilé sì dìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta kí a tó yọ gómìnà ìpínlẹ̀. Ìwé àti ìjókòó ti di ọ̀rẹ́ ara wọn nínú òfin. Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní 2006, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladoja. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní iṣẹ́ wọn kò bófin mu, Ladoja sì padà sípò. Adégbẹ́nró kò rí irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ti Awólọ́wọ̀ mọ́lé ní oṣù Kẹsàn-án 1963 fún ọdún mẹ́wàá, ẹrù ẹgbẹ́ bọ́ sí èjìká ọmọ Òwu yìí. Òun ni adelé olórí ẹgbẹ́, òun ni olórí alátakò nínú Ilé tí ó yẹ kí ó máa ṣàkóso. Ojoojúmọ́ ni àwọn aṣòfin ń fò láti ìhà tirẹ̀ lọ sí ìhà tí oúnjẹ wà. Àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé 1962 kò pé mọ́. Kò tẹ̀lé wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò bú wọn. Ní 1964 Akíntọ́lá dá Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Adégbẹ́nró àti Alákùkọ tí ó ti bá wọn jà tẹ́lẹ̀ wá di ọwọ́ mú nínú àjọṣe tí a ń pè ní UPGA.

Ìbò agbègbè ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1965 ni ó kẹ́yìn. Àyè 94 ni ó wà nínú Ilé, nítorí Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ti yà lọ ní 1963. Wọ́n kọ̀ láti gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùdíje alátakò ní ibi púpọ̀, ìwé ìdìbò wà lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kí ó wà, èsì tí a kà ní ibùdó sì yàtọ̀ sí èyí tí rédíò kéde. Eyo Esua, olórí àjọ ìdìbò, kò lè sẹ́ pé ìwà àìtọ́ wà níbẹ̀. Rédíò ní Dẹ́mọ̀ gba èyí tí ó ju 70 lọ. UPGA ní àwọn ni ó gba 68. Adégbẹ́nró, ẹni tí kì í pariwo, jáde ní Ìbàdàn, ó kéde pé òun ti yan ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwọn ènìyàn dìbò fún. Ọlọ́pàá mú un pẹ̀lú àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú àwọn ará ìlú ru. A sun ilé, a da bẹntiróòlù sí ènìyàn lára, a fi iná sí i, orúkọ tí ìwà náà sì gbà lẹ́nu ọmọ aráyé ni wẹ́tíẹ̀. Kónílé-ó-gbélé dé, ẹni tí ó bá gbójú lé ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò mọ̀ bóyá òun yóò dé. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966 ni àwọn ológun pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, tí gbogbo ìṣèlú sì dáwọ́ dúró.

Adégbẹ́nró kò gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ń ṣe gómìnà ológun, ó pè é sí ìjọba gẹ́gẹ́ bí kọmíṣánnà, ó sì ṣiṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe é látijọ́. Ó di olóògbé ní 1975. Abẹ́òkúta ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn ní ọjọ́ tí ó kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀.